“Máa Ń” Kì Í Ṣe “Usually”

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní àkókò yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n gbogbo àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kàn. Bí a bá wọ inú kíláàsì kẹrin ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí a sì ní kí àwọn ọmọ túmọ̀ gbólóhùn yìí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, “Oòrùn máa ń yọ ní ìlà-oòrùn”, púpọ̀ nínú wọn ni yóò kọ ọ́ báyìí: “The sun usually rises in the east.” Olùkọ́ a wò ó. Ọ̀rọ̀-orúkọ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe wà níbẹ̀, “s” tí àwọn ọmọ sábà máa ń gbàgbé pàápàá wà ní ìdí “rise”. Olùkọ́ a fi yíǹkì pupa sàmì sí i pé ó tọ̀nà, a sì ré kọjá sórí ìwé ọmọ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni gbólóhùn náà kò tọ̀nà rárá. Gírámà rẹ̀ kò ní àbùkù; ìtumọ̀ rẹ̀ ni ó wọ́. Ohun tí ọmọ náà sọ fún òyìnbó tí ó bá kà á ni pé, lọ́pọ̀ ọjọ́, oòrùn ń yọ ní ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n pé àwọn ọjọ́ kan wà tí ó ń gba ibòmíràn yọ.

Níbo ni “usually” náà ti wá? Láti inú “máa ń” ni. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ pé bí wọ́n bá ti rí “máa ń” nínú Yorùbá, kí wọ́n wá “usually” tàbí “always” fún un nínú Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni tí ń pààrọ̀ owó ìlú kan sí ti ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ṣe pàṣípààrọ̀ gbọ́dọ̀ mọ iye tí owó méjèèjì tó. Àwọn méjì yìí kò tó iye kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo èdè tiwa. Yorùbá ní ọ̀nà mẹ́rin kan tí ó fi ń sọ ohun tí í ṣẹlẹ̀ léraléra tàbí ohun tí í ṣe ìwà nǹkan. “Máa ń” ni ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu wa. “A máa” dàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun ni a ń bá pàdé nínú àwọn ìwé àtijọ́ àti nínú Bíbélì Yorùbá tí ó jáde lódindi ní ọdún 1884. “Í” kékeré a sì máa tẹ̀lé “tí”, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí pé “ajá tí í gbó”. “Kì í” ni a fi ń kọ̀. Ẹ kíyèsí i pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ka iye ìgbà. Bí a bá ní “Omi máa ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀”, ìwà omi ni a sọ. Bí a bá ní “Àwọn Yorùbá máa ń sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ”, àṣà ìlú ni a sọ. Bí a bá sì ní “Àjàyí máa ń pẹ́ dé”, bárakú ẹnì kan ṣoṣo ni a sọ. Èèkàn kan ṣoṣo ni a so ẹran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́, kò sì sí ẹni tí ó ń ṣìnà, nítorí pé olúkúlùkù mọ omi, ó mọ àṣà, ó sì mọ Àjàyí.

Báwo ni àwọn òyìnbó ti ń sọ nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí? “Water flows downhill.” “The Yoruba name a child on the eighth day.” “Ajayi comes late.” Kò sí ọ̀rọ̀-àpọ́nlé kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ “máa ń” nínú wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe lásán, tí a kò fi ohunkóhun kún, èyí tí ìwé gírámà ń pè ní “simple present”, òun gan-an ni “máa ń” ti àwọn òyìnbó. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, nítorí pé “present” ń mú kí a rò pé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ni a ń sọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. “Ajayi comes late” kò sọ ohunkóhun nípa òwúrọ̀ òní. Ó lè jẹ́ pé Àjàyí ni ó kọ́kọ́ dé lónìí, kí gbólóhùn náà sì jẹ́ òtítọ́ síbẹ̀. Bí a bá fẹ́ sọ ti òní, “Ajayi is coming late” ni a ó wí, èyíinì sì ni “ń” tiwa láìsí “máa”.

Ǹjẹ́, bí ọ̀rọ̀-ìṣe lásán bá ti ṣe iṣẹ́ “máa ń” tán, kí ni “usually” wá ń ṣe? Òǹkà ni. Ó ń ka iye ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ó sì ń fi ẹnu kan náà jẹ́wọ́ pé àwọn ìgbà kan wà tí kò ṣẹlẹ̀. Èdè tiwa pẹ̀lú ní àwọn òǹkà tirẹ̀: nígbà gbogbo, lóòrèkóòrè, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àti èyí tí ó súnmọ́ “usually” jù lọ, tí í ṣe “sábà”. Láti inú èyí ni a ti lè rí ìdánwò kan tí ọmọ kékeré lè ṣe fúnra rẹ̀ láìsí ìwé gírámà lọ́wọ́. Kí ó fi “sábà” sínú gbólóhùn Yorùbá náà kí ó tó túmọ̀ rẹ̀, kí ó sì kà á sókè. “Oòrùn sábà máa ń yọ ní ìlà-oòrùn.” Ìyá àgbà tí ó bá gbọ́ èyí yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì bèèrè ibi tí ó yọ sí ní ọjọ́ ìjẹta. Bí ẹ̀rín bá ti wà níbẹ̀, kí ọmọ pa “usually” rẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó tún wí pé, “Ọyẹ́ sábà máa ń dé kí Kérésìmesì tó dé.” Kò sí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín sí èyí, nítorí pé a mọ ọdún tí ọyẹ́ tètè dé, a sì mọ ọdún tí ó pẹ́. Níhìn-ín ni “usually” ti rí ilé rẹ̀: “The harmattan usually comes before Christmas.” “Máa ń” ti oòrùn àti “máa ń” ti ọyẹ́, ọ̀kan náà ni lẹ́nu wa; nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Ẹni tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ìṣẹ̀dá ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra jù nípa èyí. A mọ̀ pé omi máa ń hó nígbà tí ooru rẹ̀ bá di ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọlọgbọ́n ọmọ kan lè wí pé kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo, àti pé ní Jos, ìlú tí ó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju òkun lọ, omi a máa hó kí ó tó dé 100, ní nǹkan bí 96. Òtítọ́ ni ó sọ. Nítorí náà, ṣé kí a wá kọ ọ́ pé “Water usually boils at 100 degrees”? Rárá o. Omi kì í yí ọkàn padà bí ènìyàn, kí ó hó ní 100 lónìí kí ó sì kọ̀ lọ́la. Ohun tí ó yí padà ni ibi tí a gbé e kaná. Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí a sọ ibẹ̀: “At sea level, water boils at 100 degrees.” Níbi tí a bá ti mọ ìdí tí nǹkan fi yàtọ̀, ìdí náà ni kí a sọ, kí a má ṣe fi “usually” bò ó mọ́lẹ̀.

A ti pe “usually” ní òǹkà. Ẹ jẹ́ kí a mọ bí ó ti ń kà. Ká mú ọjọ́ márùn-ún tí a ń lọ sí ilé-ìwé nínú ọ̀sẹ̀. Ọmọ tí ó bá tètè dé ní ọjọ́ márààrún, “always” ni tirẹ̀. Èyí tí ó bá tètè dé ní ọjọ́ mẹ́rin, “usually” ni. Ọjọ́ kan ṣoṣo, “seldom”. Bí kò bá sí ọjọ́ kankan, “never”. “Sometimes” wà láàárín, ó sì fẹ̀ púpọ̀. Títí dé ibí yìí, kò sí ìṣòro. Ṣùgbọ́n níbo ni “often” wà? Púpọ̀ nínú wa a máa kọ ọ́ sí ojú pátákó láàárín “usually” àti “sometimes”, bí ẹni pé ọjọ́ mẹ́ta ni tirẹ̀ nínú márùn-ún. Èyí kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. “Usually” ń fi ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀ wé ìgbà tí kò ṣẹlẹ̀, ó sì ń béèrè pé kí èkínní pọ̀ ju èkejì lọ. “Often” kò bìkítà nípa ìgbà tí kò ṣẹlẹ̀. Ó kàn ń wí pé ó ṣẹlẹ̀ léraléra ni. Bí ejò bá wọ inú ọgbà ilé-ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́fà ní oṣù kan, a lè wí pé “Snakes often come into the compound”, bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ tí ejò kò wá pọ̀ ju ọjọ́ tí ó wá lọ fíìfíì. Ẹni tí ó bá wí pé “usually”, ó ti sọ ọgbà náà di ilé ejò. “Lóòrèkóòrè” ni “often”; “sábà” ni “usually”.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti lè ba ayé ẹlòmíràn jẹ́. Ká ní ọmọ kan parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ wá iṣẹ́ akọ̀wé. Ó tọ olórí ilé-ìwé rẹ̀ lọ fún ìwé ẹ̀rí ìwà. Olórí ilé-ìwé fẹ́ràn ọmọ náà dénúdénú, ó sì ń wí ní ọkàn rẹ̀ ní èdè Yorùbá pé, “Ọmọ yìí máa ń sọ òtítọ́; ó máa ń tètè dé; kì í mutí.” Ó mú kálámù, ó gbé e lé Gẹ̀ẹ́sì: “He is usually honest. He is usually punctual. He does not usually drink.” Ìwé náà lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò gba ọmọ síṣẹ́. Kí ni ẹni yìí kà? Ó kà á pé ọmọ yìí a máa parọ́ nígbà mìíràn, bóyá owó kò sì lè gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Pé ó ń pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Pé ọjọ́ wà tí ó ń mu, àti pé ẹni tí ó kọ̀wé mọ gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti sọ ọ́ gbangba. Ó fi ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì mú ti ẹlòmíràn. Ọmọ náà padà sílé láì mọ ohun tí ó ṣe òun. Olórí ilé-ìwé kò mọ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí irọ́ kan nínú ọkàn rẹ̀ nígbà tí ó ń kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ni Yorùbá ń pe irú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí, a sì mọ̀ pé ẹni tí a bá pọ́n lé, a bu ọlá fún un ni. Ẹ wá wo bí àpọ́nlé ti di àbùkù. “He is honest” ti tó. Kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè wá ihò sínú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà kan wà tí àwọn òyìnbó fẹ́ràn nínú irú ìwé báyìí: “I have always found him honest.” “Always” kò léwu níhìn-ín, nítorí pé “I have found” ti fi ààlà sí i, ẹni tí ó kọ̀wé kò jẹ́rìí ju ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ. Àní, “usually” pẹ̀lú ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé ẹ̀rí, bí ó bá jẹ́ pé òtítọ́ ni a fẹ́ sọ. Bí ọmọ kan bá ń ti òkè odò wá, tí odò sì ń dí i lọ́nà ní ìgbà òjò, a lè kọ ọ́ pé “He is usually punctual, except when the river is in flood.” Ẹni tí ó bá ka èyí yóò bọ̀wọ̀ fún ọmọ náà. “Usually” fẹ́ràn “except”, bí ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń retí ẹsẹ̀ òsì. Nígbà tí a bá kọ “usually” tí a kò sì sọ ohun tí ó yọ sílẹ̀, òǹkàwé ni yóò fi ọkàn ara rẹ̀ wá a, kò sì dájú pé ohun rere ni yóò rí.

Bí “máa ń” ti rí, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni “kì í”, ṣùgbọ́n ti “kì í” tún burú jù, nítorí pé inú rẹ̀ ni àwọn baba wa kó èèwọ̀ sí. “A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.” Ọmọ tí ó bá túmọ̀ èyí sí “We do not usually point to our father's house with the left hand” ti sọ èèwọ̀ di ìmọ̀ràn. Ẹ tún fi “sábà” dán an wò: “A kì í sábà fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.” Àgbàlagbà tí ó bá gbọ́ ọ yóò bèèrè ọjọ́ tí ìwọ máa ń lo òsì. “One does not point to one's father's house with the left hand”, báyìí ni ó yẹ kí a kọ ọ́. Ẹ̀rù “does not” lásán tó láti gbé èèwọ̀ náà. Kò nílò olùrànlọ́wọ́.

Ní ti ipò tí àwọn òǹkà wọ̀nyí ń wà nínú gbólóhùn, a kò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí pé gbogbo ìwé gírámà ni ó kọ ọ́. Wọ́n ń wà ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe (“She often sings”), ṣùgbọ́n lẹ́yìn “am”, “is”, “are” àti àwọn ẹbí wọn (“She is often ill”). Bí olùrànlọ́wọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe bá wà, wọ́n ń wà lẹ́yìn rẹ̀ (“She has often sung here”). “Usually” àti “sometimes” lè ṣáájú gbólóhùn. “Always” kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ àfi níbi tí a bá ti ń pàṣẹ, bí i “Always wash your hands.” Kí ọmọ sì ṣọ́ ibi tí “not” wà: “He does not always tell the truth” kò burú tó “He never tells the truth”, gẹ́gẹ́ bí “Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ó ń sọ òtítọ́” kò ti burú tó “Kì í sọ òtítọ́ rárá”.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí wọn kì í ṣe òǹkà ní tòótọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń bá “usually” rìn. Àmì ara ni wọ́n. “Typically” wá láti inú “typos” ti àwọn Gíríìkì, èyí tí í ṣe àpá tí nǹkan ń fi sílẹ̀ nígbà tí a bá fi lu òmíràn, bí òǹtẹ̀. “Characteristically” náà wá láti ọ̀dọ̀ wọn: “kharakter” ni irin tí a fi ń fín nǹkan, ó sì wá di àmì tí a fín sára owó. Àwa Yorùbá kò gbọdọ̀ ṣàì lóye èyí kíákíá, nítorí ilà. Ní ìgbà tí ilà kíkọ wọ́pọ̀, ẹni tí ó bá rí àbàjà tàbí gọ̀ǹbọ́ lójú àlejò lè mọ ìdílé tàbí ìlú tí ó ti wá. “Typically” nìyẹn: àmì tí ẹnì kan ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn pín. Ṣùgbọ́n àpá tí ọmọdékùnrin kan gbà ní àgbọ̀n nígbà tí ó já bọ́ láti orí igi máńgòrò, òun nìkan ni ó ni ín láyé. “Characteristically” nìyẹn.

Ìyàtọ̀ kan wà nínú “characteristically” tí a fẹ́ràn púpọ̀. Ó lè bá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rìn. Ká ní ìpàdé kan wáyé lánàá, baálé ilé kan sì dákẹ́ títí gbogbo ènìyàn fi sọ̀rọ̀ tán. A kò lè kọ ọ́ pé “Yesterday he usually said nothing”. Àná kò ju ẹyọ kan lọ, kí ni òǹkà yóò kà? Ṣùgbọ́n a lè kọ ọ́ pé “Characteristically, he said nothing until everyone had spoken”, ohun tí a sì sọ ni pé ohun kan tí ó ṣe lánàá yìí jọ ọ́ gidigidi. “Máa ń” kò lè ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀ rárá. “Gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀” ni Yorùbá ń wí, ó sì dára tó ti òyìnbó, bí kò bá dára jù ú lọ.

Ní ti “typically”, kí olùkọ́ má ṣe fi kọ ilà fún ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ méjì láti àdúgbò kan kò mọ ìṣirò, a sì rí olùkọ́ tí ó kọ ọ́ sínú ìwé pé “Typically, children from that quarter are slow.” Ọmọ kẹta tí yóò ti àdúgbò náà wá ní ọdún tí ń bọ̀ yóò bá ilà lójú ara rẹ̀ kí ó tó jókòó.

“Generally” a máa ka ènìyàn tàbí ohun ju bí ó ti ń ka ọjọ́ lọ, nítorí pé “genus”, ẹ̀yà tàbí ìran, ni ó ti wá. “Teachers are generally poor” ń wí pé púpọ̀ nínú àwa olùkọ́ ni kò lówó (ẹ̀yin ni yóò sọ bóyá òtítọ́ ni). “Normally” sì ní ìtàn tí ó kan iṣẹ́ tiwa. “Norma” ni àwọn ará Róòmù ń pe irin onígun tí káfíńtà fi ń wo igun pákó bóyá ó gún. Láti inú rẹ̀ ni àwọn ará Faransé ti sọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris fún àwọn olùkọ́ ní ọdún 1794 ní “École normale”, èyíinì ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ òṣùwọ̀n fún àwọn yòókù. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, “normal school” ni wọ́n pe èyí tí wọ́n ṣí ní Lexington, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní ọdún 1839. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ka “normal school” nínú ìwé àtijọ́, kí ó má ṣe rò pé ilé-ìwé àwọn tí orí wọn pé ni, kí ó wá máa bèèrè irú èyí tí àwọn yòókù jẹ́. Ohun tí òṣùwọ̀n náà ń ṣe nínú “normally” hàn nígbà tí nǹkan bá yà kúrò lójú ìlà: “Normally we close at two, but today there is a match.”

Ó ku “used to”, ẹni tí ó ti fi ojú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rí màbo. “I use to go to farm on Saturdays” ni a ń gbọ́ káàkiri, tí ẹni tí ó sọ ọ́ sì ń fẹ́ wí pé òun máa ń lọ sí oko títí di òní. Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò gbà á bẹ́ẹ̀. “I used to go” ti kọjá, ó sì ti parí. “Èmi a máa lọ tẹ́lẹ̀ rí, n kò lọ mọ́”. Ti òní ni “I go”, ọ̀rọ̀-ìṣe lásán tí a ti sọ. Síbẹ̀, kí olùkọ́ má ṣe fi ọmọ tí ó bá wí bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Láàárín ọdún 1500 sí 1700, àwọn òyìnbó fúnra wọn a máa lo “use to” fún ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́ ní ìgbà ayé wọn, ó kàn kú mọ́ wọn lẹ́nu ni. “Wont”, tí ó wà nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìtumọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tí ó túmọ̀ sí “gbé”, bí ènìyàn ti ń gbé inú ilé, títí ilé náà fi mọ́ ọn lára. Kí a sì má gbàgbé pé “I am used to it” kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú “I used to”. “Ó ti mọ́ mi lára” ni ti èkínní, orúkọ tàbí “-ing” ni ó sì ń tẹ̀lé e: “I am used to walking.” Ẹni tí ó bá kọ “I am used to walk” ti da ọbẹ̀ méjì pọ̀ sínú àwo kan.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù tí a fẹ́ fi kún un. A ti wí pé “always” fẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe lásán. Ṣùgbọ́n a óò gbọ́ kí òyìnbó wí pé “He is always coming late”, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kọ́ òfin yóò sì rò pé òyìnbó náà ṣì í sọ. Kò ṣì í sọ. Inú ń bí i ni. “He always comes late” ka ọjọ́, ó sì dákẹ́. “He is always coming late” kò ka ọjọ́ kankan. Ó lè má ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ tí ọmọ náà pẹ́ dé, ṣùgbọ́n ó ti sú ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí ó bá a mu bí ọwọ́ ti ń bá ìbọ̀wọ́ mu, a kò sì mọ ìdí tí a kì í fi í rí i nínú ìwé ìtumọ̀ àwọn ọmọ. “Ṣáá” ni. “Ó ń pẹ́ dé ṣáá.” “Wọ́n ń pè mí ṣáá.” “They are always calling me.” Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ nínú ìwé ìwà, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá “máa ń” ni ó wà lọ́kàn òun, tàbí “sábà”, tàbí “ṣáá”. Bí ó bá jẹ́ “ṣáá” ni, kí ó pa ìwé dé, kí ó lọ mu omi, kí ó sì padà wá kọ ọ́ ní ọ̀sán.